Orúkọ Kan Nínú Àkọsílẹ̀ Ìpàdé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń béèrè nípa ìyanṣẹ́lódì ayé ìjọba ológun lọ́wọ́ mi, nígbà tí ìlú le débi pé bébà ìdánwò di ọ̀wọ́n nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ẹdẹ, ẹ má retí ìtàn akọni lẹ́nu mi o.

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé ibi iṣẹ́: lẹ́tà, ìjábọ̀, àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo máa ń pariwo mọ́ wọn pé, "Ta ló sọ ọ́? Kọ orúkọ rẹ̀! Èyí tí kò lórúkọ, àhesọ ni." Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ olùkọ́ fi sọ mí di akọ̀wé.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ̀rù ń ba gbogbo wa, torí ìjọba ti ń lé olùkọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Múfú, olùkọ́ ìṣirò, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ló dìde: "Mo dábàá pé ká daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la!" A pàtẹ́wọ́. Alága wa, ìyá àgbà kan tójú ẹ̀ ti rí nǹkan, fẹnu sí mi létí.

"Fọlákẹ́, kọ ọ́ pé ìpàdé fẹnu kò. Yọ orúkọ kúrò."

"Háà, mà! Kí ni mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ?"

Mo kọ orúkọ Múfú, mo tún fàlà sí i nídìí.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn sójà gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé náà lọ. Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi lé Múfú kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo kọ ni wọ́n dà kọ. Ìyanṣẹ́lódì wa so èso díẹ̀, wọn ò lé olùkọ́ mìíràn mọ́. Múfú nìkan ni wọn ò dá padà.

Kò sí olùkọ́ tó bá mi jà. Tí mo bá wọ yàrá olùkọ́, wọ́n á máa wo bírò ọwọ́ mi. Àga Múfú ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ọdún púpọ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Mo wá a lọ sóko tó ń dá lọ́nà ìlú Ara, mo kúnlẹ̀ láàárín ebè. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi.

"Dìde, jọ̀ọ́," ló wí. "Ohun tóo kọ péye. Èmi ni mo sọ ọ́." Ó padà sídìí ọkọ́ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Tèmi ṣì pé mẹ́wàá, òun ni mo fi ń kọ̀wé títí dòní. Múfú ti kú báyìí, kò sẹ́ni tí mo tún lè bẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ sí i: Fọlákẹ́ ló kọ orúkọ Múfú sílẹ̀.