Ẹ̀rọ Àǹtí Adé Tí Kò Béèrè Páàsíwọ́ọ̀dù Mọ́

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Àǹtí Adékẹ́mi Akínọ̀ṣọ́, kí ó kàn fi wáyà kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lára ògiri lẹ́yìn iṣẹ́. Wọn kì í dán irú rẹ̀ wò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó. Nẹ́pà ti fi iná alágbára jó fíríìjì rẹ̀ rí, ó jó tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e, láti ìgbà náà ni ó ti máa ń sọ pé iná kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá sùn. Kí ó tó ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wáyà á ti kúrò lára ògiri.

Iṣẹ́ mọ́nógíráàmù, fífi ẹ̀rọ rán àwòrán sára aṣọ, ni ó ń ṣe. Àgbélébùú aláwọ̀ wúrà tó wà lẹ́yìn sùtánà, àdàbà tó wà láyà, ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn aláṣọ funfun ń wọ̀ káàkiri Ajah, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti jáde. Aláṣọ funfun ni òun náà, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí náà ń gbé fìlà wá fún un, kì í ṣe ojúsàájú. Orí kọ̀ǹpútà ni ó ti ń ya àwòrán kọ̀ọ̀kan, òwú lẹ́yìn òwú, kí ó tó fi fláàṣì gbé e lọ sára ẹ̀rọ tí ń rán an. Àwòrán kan lè jẹ odindi ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò wo ti ẹnikẹ́ni dà kọ rí.

Àmọ́ wọ́n jí tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ da àwọn àwòrán kan sínú fláàṣì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àǹtí Adé pe Máyọ̀wá, ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà fún un, pé kí ó fi páàsíwọ́ọ̀dù sí i, èyí tí ẹ̀rọ yóò máa béèrè kí ó tó ṣe ohunkóhun rárá. Òun alára sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ohun tó bá wà nínú fláàṣì rẹ́ ní kété tó bá rán aṣọ tán. Inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ wà. Máyọ̀wá ní tirẹ̀ gba òkè òkun lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn ojú dé. Dókítà ní èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ abẹ ni yóò dá èyí tó kù dúró. Àsìkò yẹn náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ kan sójú láràárọ̀, tó ní kí ó tẹ F1. Yàtọ̀ sí F1 yẹn, Àǹtí Adé kò lè kà á, kò sì da ara rẹ̀ láàmú. Á tẹ F1, á ní, “Káàárọ̀ o, ṣé o jí dáadáa?” Ìkíni ló pè é!

Ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ó lò tó oṣù kan nílé. Nígbà tó padà, ó ki wáyà bọ ògiri, ó tan ẹ̀rọ, ó ń múra láti ṣàwárí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan páàsíwọ́ọ̀dù pẹ̀lú ojú tó ń ta á. Ẹ̀rọ kò béèrè. Inú rẹ̀ dùn. “O ṣeun, o ṣàánú mi,” ló wí. Ojú ẹ̀rọ dúdú, ọ̀rọ̀ funfun kan yọ, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó tẹ F1 títí, pàbó ni.

Alátùn-únṣe àkọ́kọ́ tó wò ó kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

“Háàdì dísìkì yín ti kú, Àǹtí. Ká ra tuntun, ká fọ́máàtì ẹ.”

“Àwọn àwòrán mi ńkọ́?”

“Ẹ lè tún wọn yà.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Àǹtí Adé mọ̀ pé òun kò lè tún wọn yà. Ojú tó fi yà wọ́n kò sí mọ́. Bí àwòrán yẹn bá lọ, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ó di kí ó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹkún gbọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rí i pé ọkùnrin náà ti ń nawọ́ sí sukudíráfà. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó di Ajah, ọ̀dọ̀ Kàsímù tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí.

Kàsímù kò tú ẹ̀rọ. Ó gbé àga fún un.

“Ẹ bá mi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mà.”

Ó sọ ọ́, tomijé tomijé. Nígbà tó dé ibi àánú ẹ̀rọ, Kàsímù gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

“Kò béèrè páàsíwọ́ọ̀dù? Ṣé ó dá yín lójú?”

“Kò béèrè. Ìyẹn nìkan ló dáa tó ṣe fún mi.”

Ẹ̀rín pa Kàsímù. “Àǹtí, ẹ̀rọ kì í ṣàánú o! Páàsíwọ́ọ̀dù yẹn ò sí nínú dísìkì. Inú bọ́ọ̀dù, pátákó inú ẹ̀rọ yìí, ló wà, níbi tí wọ́n ń pè ní BIOS. Tí dísìkì bá tiẹ̀ kú, kò lè gbé e lọ. Bọ́ọ̀dù ló gbàgbé.”

“Ó gbàgbé báwo?”

“Ẹ wo BIOS bíi gétímáànù ẹ́sítéètì. Òun ló ń kọ́kọ́ jí. Á wò ó bóyá kíbọ́ọ̀dù wà nílé, bóyá dísìkì wà nílé, á béèrè páàsíwọ́ọ̀dù, kó tó ṣílẹ̀kùn fún Windows. Bátìrì kékeré kan ló fi ń rántí gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un tí ò bá síná. Ẹ̀yin wá ń yọ wáyà lójoojúmọ́, bátìrì nìkan ló ń dá a ṣe. F1 tẹ́ ẹ̀ ń kí yẹn, ó ń sọ fún yín pé bátìrì òun fẹ́ kú ni. Oṣù kan tẹ́ ẹ fi wà nílé ló wá kú pátápátá.”

“Yéè! Èmi sì ń bi í bóyá ó jí dáadáa.”

Bátìrì tí Kàsímù yọ kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Ó fi tuntun sí i, ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì kan títí ojú ìwé aláwọ̀ búlúù fi yọ. Ó tún ọjọ́ àti àkókò ṣe, ó yí ojú ìwé náà lọ sísàlẹ̀, ó sì dúró.

“Dísìkì yín nìyí. Gétímáànù rí i. Orúkọ ẹ̀ ló kọ síbí.”

Àǹtí Adé tẹ̀ síwájú, kò rí nǹkan kan kà. “Ó wà láàyè?”

“Ó wà láàyè, mà. Ọ̀nà tí òun àti gétímáànù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ló yí padà. Máyọ̀wá yín ti yàn án fún gétímáànù, ìgbà tó gbàgbé, ó padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́.”

Ó yí ìlà kan ṣoṣo, ó ní kí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀, ó sì wí pé, “Bìsìmílláì.” Àǹtí Adé ní, “Jèhófà, gbọ́ tèmi.” Ojú ẹ̀rọ ṣú. Ó ṣú pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ yọ, àwọn àwòrán náà tò sójú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bí ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Igbe tó ké mú kí ẹni tó ń ṣàlùwàlá níta bojú wò wọ́n.

Kàsímù ní kí wọ́n fi páàsíwọ́ọ̀dù mìíràn sí i, ṣùgbọ́n kí ó má gbọ́kàn lé e jù, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè yọ bátìrì. Kí ó ní ẹ̀dà àwọn àwòrán náà síbòmíràn. Àǹtí Adé na fláàṣì rẹ̀ sí i láìjiyàn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jà á lólè.

Bí wọ́n ti ń dà á kọ, ó ṣí àwòrán tó kọ́kọ́ yà, àdàbà kan, ó gbé e tóbi títí tó fi kún ojú ẹ̀rọ.

“Ìyẹ́ ọwọ́ òsì ẹ̀ wọ́ díẹ̀,” ni Kàsímù wí. “Ká tún un ṣe?”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án.” Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọjọ́ tí mo ya eléyìí, mo ṣì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láì tan iná.”