Tutù Tí Mo Gbọ́

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Kétu. Mọ́mì ni mo ń pè wọ́n. Irun ni wọ́n ń ṣe, irun òwú àti irun kíkó, nínú ṣọ́ọ̀bù páànù kan níwájú ilé wa. Ọwọ́ wọn yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ yẹn ló ń kó èrò wá. Ẹnu wọn ni. Àwọn ọmọge á ti Ìkòsì wá, wọ́n á fo ṣọ́ọ̀bù onídìrí mélòó kan kọjá, torí pé Mọ́mì á máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí irun á fi parí. Ẹni tí wọ́n ń fa irun ẹ̀ ò tiẹ̀ ní rántí pé ó ń dun òun.

Ìgbà tó yá ni ọ̀kadà gbé wọn ṣubú ní Òjòta. Eyín òkè mẹ́rin níwájú bá a lọ. Ojú ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n Mọ́mì ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tí kò léyín níwájú, tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu ni. Onídìrí ńkọ́? Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń ṣiṣẹ́. Ni wọ́n bá kúkú pa ẹnu dé. Wọ́n á máa dirun bí ẹni tó ń gbàdúrà sínú, oníbàárà náà á jókòó, á máa wo títì.

Ìwé mi ò jìnnà, JSS 3 ni mo ti dúró. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ eyín lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìkòsì nígbà náà. Àwa kọ́ là ń yọ eyín o, àwa là ń ṣe èyí tí wọ́n fi ń rọ́pò ẹ̀. Dókítà á po ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní aljínéètì mọ́ omi, á rí bí ẹ̀kọ mímu. Á kó o sínú àtẹ irin kékeré, á tì í bọ aláìsàn lẹ́nu. Kò ní pẹ́ tó fi máa dì. Tó bá yọ ọ́, àmì ẹnu onítọ̀hún á ti wà nínú ẹ̀, títí kan ìlà wẹ́wẹ́ orí àjà ẹnu. Àmì ẹnu yẹn ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa. Àwa á po pílásítà, a ó dà á sínú ẹ̀. Tó bá gan tán, tá a ṣí aljínéètì kúrò, ẹnu olúwarẹ̀ ti di òkúta lórí tábìlì wa nìyẹn.

Pílásítà wa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì le ju funfun tí wọ́n fi ń ṣe POP sí òkè ilé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ọ̀gá mi máa ń kígbe mọ́ mi pé, “Omi ni kó o kọ́kọ́ dà sábọ́, kó o tó wọ́n ìyẹ̀fun lé e! Tómi bá pọ̀ jù, ṣọ́ọ̀kì lo ṣe yẹn, kì í ṣe òkúta.” Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bó ṣe máa ń gbóná lọ́wọ́ èèyàn tó bá ń gan, bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọ̀gá gbọ́ ti Mọ́mì, wọ́n ní àwọn á ṣe eyín fún wọn. Èmi ni mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Òjòta. Nígbà tí aljínéètì yẹn kan ọ̀nà ọ̀fun wọn, èébì gbé wọn, omi ń dà lójú wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú pinpin. Wọ́n yọ ọ́ tán, Mọ́mì nu ẹnu, wọ́n ní, “Dókítà, ẹ̀kọ yín ò níyọ̀ o.” Inú mi dùn dé ìdí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu wọn.

Mo gbé àmì ẹnu náà dé Ìkòsì, ọ̀gá ò sí níbẹ̀, wọ́n lọ sí Ìkòròdú. Mo pè wọ́n lórí fóònù.

“Mo ń bọ̀,” ni wọ́n wí. “Má jẹ́ kó gbẹ o! Jẹ́ kó tutù títí màá fi dé.”

“Ó dáa, sà.”

Tutù. Èmi náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyá tó ń ta ohun mímu tútù nísàlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n tì í bọ àárín omi yìnyín wọn.

“Kí leléyìí? Ẹnu iwin?”

“Ẹnu Mọ́mì mi ni, ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Kó má bu kóòkì mi jẹ ṣá o!”

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá tó dé. Mo ti nù ún gbẹ. Wọ́n da pílásítà sí i, òkúta náà sì jáde dáadáa. Kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ̀. Wọ́n ṣe eyín náà lé e lórí, Mọ́mì fi sẹ́nu, wọ́n wo dígí, wọ́n ní ó dáa.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àmì ẹnu mìíràn tó dé bá wa níbi tí ọwọ́ wa ti dí. Ọ̀gá mú ańkáṣíìfù, wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n fún un, wọ́n fi wé e.

“Ọ̀gá, ẹ ò ní gbé e sínú yìnyín ni?”

“Yìnyín? Ṣé ẹja ni?”

Mo sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́sí fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà.

“Tutù tí mo wí, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ṣe ń tutù ni, kì í ṣe bíi kóòkì. Aljínéètì ò yàtọ̀ sí tìmùtìmù. Tó o bá gbé e sí afẹ́fẹ́, á súnkì. Tó o bá rì í sómi, á mumi, á wú. Ẹnu ta ni?”

“Ti Mọ́mì mi.”

“Lọ wò ó bóyá ó bá wọn mu. Tí kò bá bá wọn mu, a ó tún un ṣe.”

Mo bi Mọ́mì lálẹ́ ọjọ́ náà. Eyín wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, “Ó mọ́ mi lẹ́nu bí ìkarahun ṣe mọ́ ìgbín.” Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, eyín náà dún “kó.” Mo gbọ́ ọ. Ní òwúrọ̀, mo sọ fún ọ̀gá pé wọ́n ní ó bá wọn mu.

“Ṣé ìwọ fúnra ẹ wò ó?”

“Wọ́n ní ó bá wọn mu, sà.”

Àṣìṣe yìnyín yẹn ò dùn mí tó gbólóhùn yìí. Yìnyín, mi ò mọ̀ ni. Èyí, mo mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná ò sí, ọ̀gá ní kí n máa lọ sílé. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ tí oníbàárà kan ní, “Ìyá wa, ọmọ yín ń bọ̀ o.” Mọ́mì sọ kóòmù sílẹ̀, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú nǹkan kan, wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu. Ojú wọn fún pọ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi.

“O ti dé, ọkọ mi?”

“Ẹ yọ ọ́, mà, kí n wò ó.”

“Yọ kí ni?”

Oníbàárà yẹn dá sí i: “Ẹ yọ ọ́ jàre! Ṣebí etí ìró ló ti jókòó láti àárọ̀.”

Wọ́n yọ ọ́. Egbò wà ní àjà ẹnu wọn, etí ẹ̀ ti funfun. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ.

“Kí n sọ fún ta ni? Kí ọ̀gá ẹ lè lé ẹ?”

Ni mo bá sọ ti yìnyín fún wọn, àti ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Wọ́n mú kóòmù, wọ́n ya irun kan, wọ́n tún dúró.

“O ti mọ̀ nígbà tó o wá bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.”

“Mo ti mọ̀, mà.”

Wọ́n kọjú padà sí orí oníbàárà náà. Wọ́n ń dirun lọ.

Mo sọ fún ọ̀gá, a sì dúró kí egbò náà san. Èébì tún gbé wọn lọ́dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àga ni wọ́n dì mú lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi aṣọ tútù wé àmì ẹnu náà, ọ̀gá ti ń dúró dè mí pẹ̀lú abọ́ omi. Eyín tuntun náà ò mì. Ó jókòó dáadáa.

Díẹ̀díẹ̀, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tún ń kún. Wọ́n ń fi lánlọ́ọ̀dù ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń fi NEPA ṣe é, wọ́n ń fi ọlọ́kadà tó gbé wọn ṣubú ṣe é. Àwọn ọmọge á máa di ikùn mú. Nígbà míì mo máa ń dúró síta, kí n máa retí kí wọ́n fi èmi náà ṣe é, èmi tó gbé ẹnu ìyá ẹ̀ sáàárín kóòkì. Ó yẹ kó pa gbogbo Kétu lẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá lè fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, màá mọ̀ pé ó ti tán nínú wọn.

Wọn ò tíì ṣe é.