Irin Ọwọ́ Olúdọ̀tun

Ọkùnrin tí kò bá lè fi àyà kanlẹ̀ kí àna, ẹ má mú un wá sọ́dọ̀ èmi Moróunkẹ́. Lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí Olúdọ̀tun kọ́kọ́ wá sílé wa ní Bódìjà láti sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Ọláníkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ńṣe ló tẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó sì yára dúró. Háà! Akọ̀wé sitọ́ọ̀ kòkó lásánlàsàn ní Dùgbẹ̀! Mo ní, “Bí kì í bá ṣe ìgbéraga, àìsàn ni. Èwo nínú méjèèjì la fẹ́ fọmọ fún?”

Ọláníkẹ́ bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ ṣe ìwádìí ọmọkùnrin náà, pé ohun tí mo bá mú bọ̀ làwọn máa tẹ̀ lé.

Mo gba Agbowó lọ, sọ́dọ̀ Láwùmí, ọ̀rẹ́ mi tí òun àti Olúdọ̀tun jọ ń gbé ilé kan náà. Mo sùn síbẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo gbọ́ tẹ́nì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìnkùlé. Mo yọjú lójú fèrèsé. Olúdọ̀tun rèé, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé! Ó gbé irin òṣùwọ̀n ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn kòkó, dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń nàró, ó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́. Ó tún gbé e sọ́wọ́ òsì. Mo ní, Jésù! Ó ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lòun, àṣé Ògún ló ń bọ!

Láwùmí rẹ́rìn-ín. Ó ní àpò kòkó ló já lù ú ní ìhà níbi iṣẹ́, dókítà ló ní kó máa gbé irin bẹ́ẹ̀ kí iṣan ìhà rẹ̀ lè padà le. Irọ́ ńlá! Mo sọ nínú ara mi pé wọ́n ti fún Láwùmí ní rìbá.

Olúdọ̀tun gbé irin sílẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó kan síwájú ògiri, ó kọjú sí i. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, ẹbọ ti dé. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tilẹ̀, ó rọra na gbogbo ara sílẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” ló wí fún àpótí. “Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí Moróunkẹ́.”

Ara mi bù máṣọ. Ó fẹ́ dìde, ìhà gbá a mú, ó sùn síbẹ̀, ó ń jẹ ètè. Nígbà tó dìde tán, ó tún lọ gbé irin. Àánú rẹ̀ ṣe mí, omi bọ́ lójú mi.

Mo jábọ̀ nílé pé kò sí àléébù kankan. Mi ò dárúkọ ìhà. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní aláìsàn ni.

Lọ́jọ́ ìdána, Olúdọ̀tun dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹní níwájú gbogbo ẹbí. Nílé wa, ọkọ ìyàwó kì í dìde títí àdúrà yóò fi parí, ẹ̀gbọ́n mi ò sì mọ àdúrà kúkúrú. Orí Ábúráhámù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ Mósè tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ètè.

Mo pariwo, “Àmín! Àmín o! Dìde, ọkọ ọmọ mi!”

Ó fọwọ́ tilẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, òógùn bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti òkè délẹ̀.

Wọ́n ní, “Moróunkẹ́, kí ni ọmọkùnrin yìí fún ọ jẹ?”

Títí dòní, wọ́n ṣì ń fura sí mi.