Ẹsẹ̀ Má-Mirí Nínú Omi Gbígbóná

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Má-Mirí ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé bó bá ti gbé ẹ̀rọ ìfárí lé èèyàn lórí, ohun tí yóò máa wí náà nìyẹn: "Má mirí. Mo ní má mirí!" Onígbàjámọ̀ ni. Ẹ̀yìn àga kan ṣoṣo ló ti ń dúró láti ìgbà tí irùngbọ̀n tirẹ̀ kò tíì hù dáadáa, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí.

"Orí ni mò ń fá," ló máa ń wí, "ẹsẹ̀ ló ń jìyà ẹ̀."

Ilé kò jìn sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, ńṣe ló máa ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ á ti wú, ìbọ̀sẹ̀ á ti fi ojú àpá yí ọrùn ẹsẹ̀ ká. Ìyàwó rẹ̀, tó ń lọ aṣọ níbi ìfọṣọ kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, á gbé omi kaná fún un. Á dà á sínú basíà, á bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, á fi omi tútù là á. Má-Mirí á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á sì mí kanlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, iṣan á dẹ̀, ẹsẹ̀ tó wú á fà, ẹ̀yìn tó ń ro ó pàápàá á fúyẹ́. Bó bá ti nu ẹsẹ̀ tán, oorun ló kù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń polówó omi iyọ̀ náà fún àwọn oníbàárà: "Ẹ lọ ra basíà. Gbogbo ara lẹsẹ̀ ń gbé. Ta ló ń gbé ẹsẹ̀?"

Nígbà tó yá, omi yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

"Ìyá wọn, ṣé iná ti tán ni? Omi yìí ò gbóná."

"Ooru tó ń rú lórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ooru ojú lásán ni. Ẹsẹ̀ mi ò gbúròó ẹ̀."

Ẹni tó ti dúró ti áyọ́ọ̀nù látàárọ̀ kì í ní sùúrù púpọ̀ nírọ̀lẹ́. "Ó rẹ èmi náà," ni ìyàwó wí. "Ẹni tí omi ò bá gbóná tó fún, kó gbé tiẹ̀ kaná." Láti ọjọ́ náà ni Má-Mirí ti ń gbé omi rẹ̀ kaná fúnra rẹ̀, kò sì fi omi tútù là á mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó fẹ̀yìn tì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hanrun. Tówẹ̀lì já bọ́ sínú basíà. Ìyàwó rẹ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ ọ́, ó sì figbe ta.

"Yéè! Ẹ yọ ẹsẹ̀! Ẹ yọ ọ́!"

Ọwọ́ tó mọ ooru áyọ́ọ̀nù ni o, síbẹ̀ omi náà jó o. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti pọ́n fòò.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n lára ni?"

Má-Mirí rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ onígbàjámọ̀ ti yi bí awọ bàtà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ti lé ròrò. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, ó yọ́ jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí ìyàwó ń ká aṣọ ibùsùn ló rí i pé omi ròrò tó bẹ́ ti rin ín níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ wà. Kò lọ síbi ìfọṣọ lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ tààrà.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ìwọ náà wo orí tó wà níwájú mi." Ọ̀gbẹ́ni kan jókòó sórí àga, apá kan orí rẹ̀ ń dán, irun ṣì kún apá kejì.

Obìnrin náà wo orí náà. "Ẹ parí ẹ̀," ló wí, "ẹnì kan ò lè gbé ààbọ̀ orí rìn nígboro." Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí orí fi pé.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kí Má-Mirí dijú. Ó mú okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí kò bó.

"Bàbá, ibo ni mo kàn?"

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ti kan gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó kọjú sí ògiri.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìtọ̀ ṣúgà ni, ó sì ti pẹ́ lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé àìsàn yìí ló pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà. Wọ́n di egbò, wọ́n fún un lóògùn. Má-Mirí kò béèrè nǹkan kan nípa oògùn.

"Bí egbò yìí bá san, ṣé mo lè padà sídìí omi mi?"

"Bàbá, omi gbígbóná dára fún ẹsẹ̀ tó lè pariwo. Tiyín ò lè pariwo mọ́. Omi tó kàn lọ́ wọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́ kíá. Kí Màámi fi ìgúnpá tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fara kàn án, kẹ́ ẹ sì nu àárín ìka gbẹ. Àmọ́ kíki ẹsẹ̀ bọ omi títí, ó ti parí."

Wọ́n rìn lọ sílé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń tù mí lára," ni Má-Mirí wí. Ìyàwó di apá rẹ̀ mú.

Egbò náà kò tètè san. Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, orí àpótí gíga kan ló ń jókòó sí láti fárí. Àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Má-Mirí ti jọba. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àárẹ̀ tí ì bá fi sílẹ̀ sínú omi, ó ń gbé e sùn, ó sì ń gbé e jí.

Ìrọ̀lẹ́ kan, ìyàwó rẹ̀ dé, ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó fẹ́ bọ́ bàtà, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ wú," ni Má-Mirí wí.

"Ó ti ń wú tipẹ́."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ bi mí rí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó dìde, ó gbé omi kaná, ó bu iyọ̀ sí i, ó fi omi tútù là á, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ wò. Ó gbé basíà síwájú rẹ̀. Obìnrin náà ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó mí kanlẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó kọ́kọ́ ta mí díẹ̀. Ooru ẹ̀ ti ń gun ojúgun bọ̀."

"Gìgísẹ̀ ńkọ́?"

"Gìgísẹ̀ ń dẹ̀. Bí ẹni pé wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀ fún mi."

Má-Mirí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀, ó dijú. "Àárín ìka ńkọ́?"

"Ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ n gbádùn omi mi!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Má-Mirí tún ki ọwọ́ bọ omi, ó ti tutù. Ó gbé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lé itan, ó ń nu àárín ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà ti sùn lọ lórí àga, ó la ẹnu sílẹ̀. Kò jí i.