Iná méjèèjì ní oríta

Iṣẹ́ mi ní yunifásítì ni láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fisíìsì pé kí wọ́n má gba ohunkóhun gbọ́ láìsí ẹ̀rí. Ìyàwó mi mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ palaba ìyà nígbà tí mò ń kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà ní Benin níbí.

Ó fẹ́ máa dá wa ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà. Èmi náà ti ta kú pé n kò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́ àfi tó bá gba gbogbo òfin mi. Ó gba ti bẹ́líìtì. Ó gba pé ká jìnnà sí ọkọ̀ iwájú. Ìgbà tí mo wá ní tó bá fẹ́ lọ tààrà ní oríta, kó tan iná ọ̀tún àti tòsì pa pọ̀, èyí tí àwa awakọ̀ ń pè ní dọ́bù pọ́íntà, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní:

"Dádì, ẹ̀rí dà? Ìwé òfin ìrìnnà ní tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà la ń tàn án."

"Ogún ọdún ni mo ti ń tàn án. Ta ló kọlù mí rí?"

"Bóyá àwọn èèyàn ló ń sá fún yín."

Ọmọ wa obìnrin tó jókòó sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ní ká lọ dán an wò.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo sọ̀ kalẹ̀ ní oríta kan nítòsí ọjà Santana. Mo rìn kọjá oríta náà, mo sì dúró létí títì. Bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n páàkì wà láàárín èmi àti oríta. Mo ní kí ìyàwó mi padà sẹ́yìn, kó máa bọ̀, kó má sọ fún mi bóyá yóò yà tàbí yóò lọ tààrà. Iná rẹ̀ ni yóò sọ ọ́.

Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Bọ́ọ̀sì náà bo ìhà ọ̀tún ọkọ̀ wa. Iná òsì nìkan ni mo rí tó ń ṣẹ́jú. Mo ní, ahà, ó fẹ́ yà sósì. Mo bọ́ sójú títì láti kọjá sódì kejì.

Kò yà. Iná méjèèjì ló tàn bí mo ṣe kọ́ ọ, bọ́ọ̀sì ló bo ti ọ̀tún mọ́ mi lójú. Nígbà tó fi máa tẹ búrèkì, bọ́ńpà ọkọ̀ wa kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí ojúgun mi. Ẹ̀rù bà mí, n kò lè purọ́. Ó yọ orí síta.

"Ṣé ẹ ti rí ẹ̀rí báyìí, Dádì?"

Ọmọ wa tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ní, "Daddy, na you be di experiment o."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó kọ́ mi ní ọkọ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ iná yẹn fún mi, n kò sì bi í ní ẹ̀rí kankan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí títí a fi délé.

Ní ọjọ́ Ajé, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo dúró lẹ́nu géètì wa ní Ogida, mò ń wò ó lọ. Ó dé oríta àkọ́kọ́, ó dúró díẹ̀, kò tan nǹkan kan, ó lọ tààrà. Níbi tí mo dúró sí, àtàńpàkò mi ti ń tẹ irin géètì, ó ń wá bọ́tìnì dọ́bù pọ́íntà.