Orúkọ Mi Létí Abọ́ Àdùnní

Àná ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ idẹ kan wá fún mi láti Òrò. Bó ṣe gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó dún, ìró yẹn sì gbé mi padà sí agboolé wa ní Ọ̀mù-Àrán.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ Bàbá Afínbọ́. Àjàṣẹ́-Ìpo ló ti ń wá. Á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa, á gbé abọ́ lé itan, á máa fi òòlù kékeré kan ìṣó mọ́ ọn létí díẹ̀díẹ̀ títí orúkọ ẹni tó ni ín á fi yọ. Gbogbo agboolé ló ń yá ara wọn ní abọ́ nígbà ìnáwó, kò sì sí ìyá tó fẹ́ kí tirẹ̀ sọnù sílé onílé. Baba yìí kò mọ̀wé rárá o. Ohun tí a bá kọ sí bébà ló ń wò fín, ó sì máa ń dára ju ìkọ̀wé tíṣà wa lọ.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni Àdùnní ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sílé ọkọ ní Òrò. Òun ló tọ́ mi, orí ẹní kan náà la sì ń sùn. Ìyá wa ra abọ́ idẹ mẹ́fà fún un. Nítorí pé èmi nìkan ni mo mọ̀wé nílé, ó ní kí n kọ orúkọ ìyàwó sí bébà fún Bàbá Afínbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé Àdùnní á gbàgbé mi. Mo bá kọ orúkọ ara mi. Baba fín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyá mi sì ń yìn mí.

Ọjọ́ tí kátíkíìsì ìjọ wa wá gbàdúrà sí ẹrù ìyàwó ni àṣírí tú. Ó ka etí abọ́, ó wò mí, ó béèrè bóyá èmi ni wọ́n fẹ́ sìn lọ sílé ọkọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi ìyá mi. Ohun tí a fín sára idẹ kò ṣeé pa rẹ́, ọ̀la sì ni ìyàwó ń lọ. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn abọ́ náà kúrò nínú ẹrù. Àdùnní á wọ ilé ọkọ láìní abọ́ kan, nítorí tèmi. Ojú tì mí débi pé mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àdùnní gba àwọn abọ́ náà lọ́wọ́ ìyá wa.

“Ẹ jẹ́ kí n kó wọn lọ bẹ́ẹ̀, Ìyá mi,” ló wí. “Tí mo bá ti ń jẹun, n ó máa rí àbúrò mi.”

Abọ́ rọ́bà ló kún ilé ìdáná wa báyìí. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sí wọn nídìí, kì í sì í pẹ́ ṣí. Bàbá Afínbọ́ ti kú tipẹ́, oṣù tó kọjá la sì sin Àdùnní. Ọmọ rẹ̀ ní abọ́ yìí nìkan ló ṣẹ́ kù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, inú rẹ̀ ni ìyá òun sì ti ń jẹun títí dé òpin. Mo fọwọ́ tọ etí rẹ̀. Orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti dán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán níbi tí àtàǹpàkò Àdùnní máa ń wà.