Kíláàsì Kẹta

Mi ò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà yẹn, mi ò sì ní í fẹ́ràn rẹ̀ láéláé.

Òòyì ló ń kọ́ bàbá mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ni èmi ọmọbìnrin wọn bá mú wọn láti ilé wa ní àdúgbò Soje, nílẹ̀ Hausa níbí, lọ sílé ìwòsàn kan láàárín ìlú. Wọ́n ya àwòrán inú ọrùn wọn. Dókítà, ọmọ Yorùbá tí Hausa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju èdè ìyá rẹ̀ lọ, fi àwọn àmì funfun tótòtó hàn wá. Ó ní kálísíọ̀mù tó yẹ kó wà nínú egungun ló lọ lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, àti pé ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà ló ń bá àwọn pín in sí kíláàsì.

"Sannu, Bàbá. Kíláàsì kẹta ló gbé yín sí. Ẹ máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́."

Kọ̀ǹpútà ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ọkàn tèmi náà sì balẹ̀. Ọmọ rélùwéè ni wá. Nínú ọkọ̀ ojú irin tiwa, àwọn ọ̀gá ló ń wọ kíláàsì kìíní. Mẹ̀kúnnù tí ò ní nǹkan kan ló ń wọ ìkẹta. A gbà pé kálísíọ̀mù Bàbá ò tó nǹkan.

"Ẹ̀rọ yẹn mọ̀ pé tálákà ni mí," ni wọ́n ń wí títí a fi délé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lo oògùn náà, wọ́n bá tì í sẹ́yìn rédíò. Mo rí i níbẹ̀.

Kò pé oṣù méjì tí rọpárọsẹ̀ fi dá wọn wó lójúde. Ìgbà yẹn ni dókítà tó wá ṣàlàyé pé bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ewu ń pọ̀ sí i, àti pé kò sí kíláàsì kẹrin. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Haba, Màmá. Kọ̀ǹpútà ṣáà ti kọ ọ́ síbẹ̀."

Inú bí mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹyọ gbólóhùn kan ni ì bá ti tó. Èmi náà tí mo rí oògùn lẹ́yìn rédíò ò sọ tèmi. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ náà ò ṣàṣìṣe.

Ní báyìí, èmi ni mò ń fi oògùn sórí ahọ́n Bàbá láràárọ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbé nǹkan mọ́. Ẹnu wọn ti wọ́, síbẹ̀ mo gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí lánàá.

"Ta ló wá wà ní kíláàsì kìíní?"

"Àwọn tí ò ní nǹkan kan ni, Bàbá."



"Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí," ni wọ́n wí, wọ́n sì la ẹnu fún oògùn.